Kẹ̀kẹ́ kún ṣọ́ọ̀bù, owó ò sí nínú àpótí

Iya_Tisa_OkeAro kọ:

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó bá dákẹ́ tara ẹ̀ á bá a dákẹ́, ìyẹn ni mo ṣe wá síbí. Àwa kan ní àdúgbò wa ní Òkè-Àró, Àkúrẹ́ níbí, la jọ dá ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ kan sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Márúwá o, kẹ̀kẹ́ ológeere ni mò ń wí, èyí tí à ń fi ẹsẹ̀ wà. Èrò wa ni pé kí àwọn tí kẹ̀kẹ́ wọn ti kú sí ẹ̀yìnkùlé gbé e wá, ká tún un ṣe, ká tà á ní owó pọ́ọ́kú fún ẹni tó nílò ẹ̀, ohun tó bá wọlé ká fi ra irinṣẹ́ ká sì fi fún àwọn ọmọkùnrin méjì tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Lánlọ́ọ̀dù kan yọ̀ǹda gáréèjì ẹ̀ fún wa, ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù dá owó ra sípánà àti pọ́ǹpù, èmi tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ni wọ́n wá ní kí n máa di owó mú, wọ́n ní tíṣà kì í jalè (ẹ má rẹ́rìn-ín).

Ibi tó ti wọ́ nìyí. Kẹ̀kẹ́ ń wọlé ju bó ṣe ń jáde lọ. Bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, 31 ló wà nílẹ̀, bóyá 6 ló ṣeé gùn nínú ẹ̀. Ẹni tó bá ti já kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ ti lọ nìyẹn, lójú tiẹ̀ ó ti ṣàánú. Òmíì ò ní ìjókòó, òmíì ò ní táyà iwájú, òmíì adìẹ ti fi ṣe ilé, mi ò purọ́, ẹyin mẹ́ta la bá nínú apẹ̀rẹ̀ iwájú ẹ̀. Lóṣù tó kọjá a gbé ọ̀kan jókòó, a ra táyà méjì, tíúbù méjì, ṣéènì, wáyà bíréèkì àti rọ́bà ẹ̀, nígbà tí mo máa ro ó pọ̀ ₦37,500 ló ti lọ, mo wá tà á ní ₦40,000 torí ẹni tó fẹ́ rà á jẹ́ ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé-ìwé kan lálẹ́, ó ní kò sí bí òun ṣe fẹ́ ju ìyẹn lọ. ₦2,500 ló ṣẹ́kù, ọjọ́ mẹ́ta gbáko sì làwọn ọmọ méjì fi ṣe é. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀.

Òmíràn tún ni pé bàbá kan wà nísàlẹ̀ àdúgbò wa tó ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe kí wọ́n tó bí àwọn ọmọ tí mò ń sọ yìí. Bàbá ò kí mi mọ́. Mo kí i, ó kọjú sí ògiri. Àwọn míì sì ń sọ kiri pé ṣebí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ ọ̀hún ta wọ́n lọ́rẹ ni, kí ló dé tí wọ́n ń tà á. Ti àwìn ńkọ́? Ẹ jẹ́ n má tíì débẹ̀.

Ṣé kí n fi owó lé e ni àbí kí n máa lé kẹ̀kẹ́ padà? Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi Òyìnbó dá mi lóhùn, ọdún márùndínlógójì ni mo fi sọ Òyìnbó ní kíláàsì, ó ti sú mi.

okada_lemi fèsì:

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Àmọ́ ká sọ òótọ́, ta ló tún ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere l'Àkúrẹ́? Kí èèyàn kúrò ní Ọjà Ọba kó máa tẹ pẹ́dàlì lọ sókè Òkè-Àró yẹn? Èémí á ti tán kó tó débẹ̀. Ọ̀kadà wà, Márúwá wà. Ẹ kó gbogbo ẹ̀ fún àwọn tó ń ra kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù kí wọ́n wọ̀n ọ́n ní kílò, kí ẹ fi gáréèjì yẹn ta omi tútù.

Baba_Onikeke_Ondo fèsì:

Ìwọ ọlọ́kadà yìí, jókòó jẹ́ẹ́. Níbi tó bá ti jẹ́ òkè ṣebí wàá bọ́ sílẹ̀ tì í ni, ṣé ó máa pa ọ́ ni? Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí lítà epo kan fò láti ìsàlẹ̀ ₦200 lọ kọjá ₦500 bí eré bí àwàdà, àwọn tó ti so kẹ̀kẹ́ kọ́ ló ń sọ ọ́ kalẹ̀ wá bá mi. Ọlọ́dẹ, àwọn tó ń lọ oko nítòsí, ọmọ ilé-ìwé, bíríkìlà tí ibi iṣẹ́ ẹ̀ ò jìnnà. Ìwọ ò rí wọn torí aago márùn-ún ìdájí ni wọ́n ń kọjá, o ṣì ń hanrun.

Ìyá tíṣà, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ìlú Oǹdó ni mo wà, iṣẹ́ yìí ni mo fi tọ́ ọmọ mẹ́rin. Nígbà tí mo wà lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́, Raleigh ni àwọn àgbẹ̀ kòkó ń gùn, àpò kòkó á wà lẹ́yìn, ìyàwó á jókòó síwájú, kẹ̀kẹ́ ò ní mì rárá. Ohun tó ń jẹ yín lówó ni pé ẹ fẹ́ jí gbogbo òkú. Kì í ṣe gbogbo kẹ̀kẹ́ ló yẹ kó dìde nílẹ̀. Bó bá ti wọlé, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan sípánà, ẹ yí i dojú dé kó fi ìjókòó àti ọwọ́ ẹ̀ dúró, kí ẹ wá wò ó báyìí.

Férémù lẹ ó kọ́kọ́ wò. Ẹ fi àkísà nu abẹ́ ibi tí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ti wọnú férémù, níbi tí irin tó ń bọ̀ wá sísàlẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ọ̀dà ibẹ̀ bá hunjọ tàbí ẹ rí ìlà tín-ín-rín, ó ti fi orí sọ nǹkan nìyẹn, ẹ gbé e sápá kan. Ẹ má jẹ́ kí wẹ́lídà ẹ̀bá títì tàn yín, á jó o pọ̀, á sì dán, àmọ́ ọjọ́ tí ẹni tó rà á bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè yín yẹn, ẹyín ẹ̀ ló máa ṣà nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kí ẹ wo fọ́ọ̀kì, irin méjì tó di táyà iwájú mú, iwájú ló yẹ kó tẹ̀ sí díẹ̀, bó bá ti ń padà bọ̀ wá bá férémù, ó ti kọlu nǹkan. Ẹ wá yí táyà. Bí ríìmù bá ń jó sọ́tùn-ún sósì díẹ̀díẹ̀, sípóòkù lásán ni ẹ ó fún. Bó bá ń jó sókè sódò, tó ti tẹ̀ nínú kòtò, ẹ tú sípóòkù ẹ̀ kí ẹ mú họ́ọ̀bù, irin àárín tí sípóòkù so mọ́, kí ẹ ju ríìmù nù.

Ẹ di irin pẹ́dàlì mú kí ẹ mì í. Bó bá ń ṣe gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n, ẹ má bẹ̀rù, bọ́ọ̀lù inú ẹ̀ ló ti jẹ, owó kékeré ni. Kẹ̀kẹ́ àtijọ́, ibi tí irin pẹ́dàlì ti gba inú férémù kọjá, bọ́ọ̀lù 11 ló ń wọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, 1/4 íǹṣì. Họ́ọ̀bù ẹ̀yìn, 9 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n kan náà. Họ́ọ̀bù iwájú ló kéré, 3/16, mẹ́wàá mẹ́wàá lọ́pọ̀ ìgbà. Àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ló máa da gbogbo ẹ̀ sínú agolo mílíìkì kan, wọ́n á wá máa fi èyí tó tóbi há ibi tó kéré, lóṣù kan họ́ọ̀bù ti bàjẹ́. Ẹ kìlọ̀ fún wọn. Ẹ tún sọ fún wọn pé pẹ́dàlì ẹsẹ̀ òsì, òdìkejì ni, bí èèyàn bá fẹ́ tú u, ibi tí à ń yí nọ́ọ̀tì sí láti fún un ló máa yí i sí. Mo ti rí ọmọ tó gun orí sípánà tó ń fò sókè sódò lórí ẹ̀ títí ojú ihò fi pa rẹ́.

Èyí tó máa pa yín lówó jù ni táyà. 26 kì í ṣe 26. 26 tí wọ́n kọ pọ́ìǹtì sí, bíi 26 x 1.75, ríìmù 559 ló ń wọ̀, ìyẹn ìbú ríìmù níbi tí táyà ti jókòó, ní mìlímítà. 26 x 1 3/8, ríìmù 590 ni tiẹ̀. Ẹ fẹ́ fi tipá wọ̀ ọ́ ni? Àárọ̀ dalẹ́, kò ní wọ̀. 28 náà rí bẹ́ẹ̀, Raleigh ńlá ìgbà yẹn 635 ni, 28 tòkunbọ̀ tó ń bọ̀ báyìí 622 ni. Nọ́ńbà yẹn máa wà lára ẹ̀gbẹ́ táyà ní lẹ́tà kékeré, bíi 47-559. Èyí tó ṣìkejì yẹn lẹ ó kọ sórí bébà lọ ọjà, ẹ má dárúkọ 26 fún ọlọ́jà, torí bẹ́ ẹ bá gbé e délé tí kò wọ̀, kò ní gbà á padà.

Kí ẹ wá pín wọn. Èyí tó jẹ́ tíúbù àti bíréèkì lásán ló fẹ́, ẹ ṣe é lónìí, ẹ tà á lọ́la. Èyí tó fẹ́ iṣẹ́, ó lè dúró. Èyí tó ti kú, ẹ kun ún bí ẹran ni. Nínú òkú kẹ̀kẹ́ mẹ́ta, ọ̀kan á dìde láìná owó púpọ̀. Èmi ò ra ìjókòó tuntun rí láti bí ọdún mẹ́wàá.

Injinia_NorthGate fèsì:

Ẹ káàsán mà, ẹ káàsán sà. Bàbá ti sọ ti iṣẹ́ ọwọ́ tán, ti ìwé ni mo fẹ́ fi kún un. Mà, ẹ ní ₦2,500 ló kù, àmọ́ ẹ ò tíì yọ owó ọjọ́ mẹ́ta àwọn ọmọ yẹn, ẹ ò yọ owó gíríìsì àti sólúsọ̀n, torí náà ẹ ti jẹ gbèsè lórí ẹ̀, ọlọ́dẹ yẹn ló jẹ èrè. Ohun tí àwa ṣe nígbà tí a ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe fún ara wa ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ni pé a máa ń gé páálí kékeré so mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan láti ọjọ́ tó ti wọlé. Ọjọ́ tó dé, ẹni tó gbé e wá, ohun tí a rà sí i, wákàtí tí a lò. Bí owó ohun tí a rà bá ti kọjá ìdajì iye tó máa tà, iṣẹ́ dúró, ó di ẹran. Kò sí àánú níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tẹ́ ẹ tà ní ₦40,000 yẹn, ₦20,000 ló yẹ kí ẹ ti dúró.

Ṣéènì náà, ẹ má kàn máa rà á. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n. Láti àárín pín-ìnì kan, ẹ ka ojú 24, íǹṣì 12 géérégé ni bó bá ṣì dáa. Bó bá ti di 12 àti 1/8 ó ti fà, ó ti ń jẹ eyín irin ẹ̀yìn nìyẹn, bẹ́ ẹ bá sì fi ṣéènì tuntun sórí eyín tó ti jẹ, á máa yọ̀ tí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lójú òkè. Nígbà míì, dídípẹtà lásán ló dípẹtà, ẹ rẹ ẹ́ sínú kẹrosíìnì mọ́jú, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì bó o, ẹ kán epo sí i.

Èyí tó ń dẹ́rù bà mí jù ni ti olè mà, ẹ ò mẹ́nu bà á. Kẹ̀kẹ́ ní nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára férémù, nísàlẹ̀ pátápátá níbi tí irin pẹ́dàlì gbà kọjá ló sábà máa ń wà. Ẹ yí i dojú dé, ẹ nu ibẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé, kí ẹni tó gbé e wá kọ orúkọ àti fóònù ẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò bá fẹ́ fọwọ́ sí i, ẹ jẹ́ kó máa gbé kẹ̀kẹ́ ẹ̀ lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ra kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kan lójú títì, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀ ẹni tó ni ín rí i lórí ẹ̀, ẹ̀rín kọ́ ni wọ́n fi parí ẹ̀ o.

Anti_Seeni fèsì:

Mọ̀mí, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ ọlọ́mọ. Èmi, ọ̀rọ̀ bàbá tó kọjú sí ògiri yẹn ló ká mi lára ju ti owó lọ. Ẹ rò ó wò. Ọ̀pọ̀ ọdún lòun nìkan fi wà níbẹ̀, ọjọ́ kan ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù dá owó ra irinṣẹ́ fún àwọn kan tí kì í san háyà, wọ́n wá ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́bàá ibi tó ti ń jẹun. Ẹ̀yin ló yẹ kí ẹ máa kọjú sí ògiri. Ohun tó ń gbé oúnjẹ wá fún irú bàbá yẹn lójoojúmọ́ kì í ṣe kẹ̀kẹ́ títà, táyà jíjò ni, táyà mẹ́ta mẹ́rin láàárọ̀, ó tó fi ra ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Ẹ má lẹ táyà fún ẹnikẹ́ni mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù yín. Ẹni tí táyà ẹ̀ bá jò, ẹ juwọ́ sísàlẹ̀ fún un. Ríìmù tó ń jó, ẹ gbé e lọ bá a kó bá yín fún un, kí ẹ sanwó. Kí ẹ lọ bá a nílé ẹ̀ o, ní alẹ́, kì í ṣe níbi iṣẹ́ níbi tí àwọn oníbàárà ẹ̀ á ti máa wò.

Ti ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń pariwo ẹ̀ yẹn, ẹ má dá wọn lóhùn. Ní Ghana, àwọn kan wà tó ń jẹ́ Village Bicycle Project, wọ́n ń kó kẹ̀kẹ́ àlòkù wọlé láti òkè òkun, síbẹ̀ wọn kì í fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Èèyàn á kọ́kọ́ jókòó fún ọjọ́ kan, wọ́n á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe, lẹ́yìn náà á wá ra kẹ̀kẹ́ ní ẹ̀dínwó. Torí ohun tí èèyàn ò bá fi nǹkan kan gbà, ọjọ́ tí táyà ẹ̀ bá jò ló máa jù ú sígbó. Àwọn ọmọdé tí kò lówó, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wá lọ́jọ́ Sátidé, kí wọ́n máa tú òkú kẹ̀kẹ́, kí wọ́n máa fọ nọ́ọ̀tì, bí wákàtí wọn bá ti pé iye tí ẹ dá fún wọn, kí wọ́n mú ọ̀kan lọ. Ọmọ tó bá fúnra ẹ̀ to kẹ̀kẹ́ ẹ̀ pọ̀, ẹ ò ní rí i kó ju ú sójò.

Àmọ́ àwìn, ẹ kọ̀ ọ́. Kò sí àlàyé.

okada_lemi fèsì:

Ẹ̀yin àgbà ẹ má bínú sí mi o. Mà, ẹ jọ̀ọ́ ṣé ẹ ní èyí tó kéré, fún ọmọ ọdún mẹ́jọ? Ìyàwó mi ló ka ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù mi.

Baba_Onikeke_Ondo fèsì:

😂😂 Ọlọ́kadà ti dé. Ẹ má tà á fún un ní ẹ̀dínwó o.

Iya_Tisa_OkeAro fèsì:

Ẹ ṣeun ẹ ṣeun ẹ ṣeun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mi ò fi wá síbí, mo fẹ́ kọ́kọ́ ṣe é wò ná.

Mo lọ bá bàbá nílé ẹ̀ lálẹ́ bí Àǹtí ṣe wí, mo mú iṣu méjì dání. Mo ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lórí oníbàárà tí a gbà lọ́wọ́ ẹ̀, mo ti ń tọrọ àforíjì, àṣé kì í tiẹ̀ ṣe ìyẹn ló ń bí i nínú. Ó ní òun ò ráhùn lórí kẹ̀kẹ́ títà, pọ́ǹpù ló ń dun òun. Pé a gbé pọ́ǹpù tuntun síta gbangba, gbogbo ayé ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà wọn lọ́fẹ̀ẹ́, nígbà tí òun ń gba owó lórí ẹ̀, àwọn ọmọ tí òun ti ń fẹ́ táyà fún láti kékeré wá ń kọjá níwájú òun bí ẹni tí kò mọ òun rí. Ẹ gbọ́ nǹkan! Ohun tí mo rò pé oore ni. Láti ọjọ́ kejì pọ́ǹpù ti wọlé, ó sì ti ń bá wa fún ríìmù, iye tó ń gbà lórí ọ̀kan ò tó nǹkan. Ó tún wá fúnra ẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ó gba sípánà lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn, ó ní "ta ló kọ́ ẹ?", ọmọ ò lè fèsì.

Nínú 31, a kun 13. Mo fẹ́ sunkún, torí ọ̀kan nínú ẹ̀ jẹ́ ti olóògbé tí a mọ̀, àmọ́ férémù ẹ̀ ti là níbi tí Bàbá Oǹdó sọ gan-an, a nu ún, a rí i. Láti ara àwọn 13 yẹn a ti gbé 5 dìde, táyà mẹ́rin péré ni mo rà lórí gbogbo wọn. A ti ta 7 lápapọ̀. Injiníà, páálí yín ti wà lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́ gbogbo, nọ́ńbà férémù sì ti wà nínú ìwé, ẹnì kan ti gbé kẹ̀kẹ́ wá tí kò fẹ́ fọwọ́ sí i, ó ní òun máa padà wá, a ò tíì rí i.

Ibi tí mi ò gbà fún yín ni ti àwìn, ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tó nílò kẹ̀kẹ́ yìí jù ni kò ní ₦40,000 lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí mo ṣe ni pé mo so wọ́n mọ́ alájọ kan tó ń gba àjọ kiri ọjà Ìsìkàn, ẹni tó fẹ́ kẹ̀kẹ́ á máa dá owó ojúmọ́ fún un, kẹ̀kẹ́ ẹ̀ á wà lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú orúkọ ẹ̀ lórí páálí, bó bá pé ó gbé e lọ. Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ kan ti gbé tiẹ̀ lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó fi gèlè nu ìjókòó ẹ̀ kó tó tì í jáde.

Ọlọ́kadà, ti ọmọ yín wà nílẹ̀, táyà 20 ló ń lò, ẹ wá. Ọmọ ni kí ẹ mú dání, kó jókòó lé e ká wo bí ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣe ń kan ilẹ̀, ẹ má wá fojú díwọ̀n.

Ó ku ohun kan. Raleigh ńlá méjì wà nílẹ̀ tó jẹ́ pé férémù wọn le koko, ríìmù ẹ̀yìn ni kò sí. Ihò sípóòkù ara họ́ọ̀bù ẹ̀yìn wọn jẹ́ 40, ti iwájú 32, gbogbo ibi tí mo dé l'Àkúrẹ́, oníhò 36 ni wọ́n ń gbé fún mi. Bàbá wa l'Óǹdó, ṣé ó wà lọ́wọ́ yín?

Baba_Onikeke_Ondo fèsì:

Mo ní méjì, ọ̀kan dípẹtà díẹ̀. Ẹ rán ọmọ wá kó mú họ́ọ̀bù dání. Kó má wá lọ́jọ́ Sátidé, mo ní òde.